Bí iná bá lọ lóru, bọ́ọ̀dù wo ni yóò jí fúnra rẹ̀?

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Àṣerò, níbí ní Abẹ́òkúta, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní àpótí pákó kan tí mo fi gílóòbù mẹ́rin sí, inú rẹ̀ ni mo ti ń pa ẹyin adìẹ, ọgọ́ta ẹyin lẹ́ẹ̀kan. Mo ń wá kọ̀ǹpútà kékeré tí yóò máa bá mi ṣọ́ ooru rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ní Raspberry Pi 5 ni kí n rà, torí òun náà fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Ẹnìkan ní Orange Pi ni kí n mú nítorí kò wọ́n. Ẹlòmíràn ní Arduino ti tó. Owó ọwọ́ mi kò gbà kí n rà á kí n tún un rà. Èwo ni kí n mú?”

Ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́, mà. Inú mi dùn pé ẹ sọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ bọ́ọ̀dù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́, orúkọ ni wọ́n fi ń wọlé: “Ṣé Pi 5 wà?” Bí mo bá ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọn á dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín lésì ná, àlàyé á tẹ̀lé e. Fún àpótí ẹyin, ESP32 ni kí ẹ rà, bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ní WiFi. Kì í ṣe Pi 5, kì í ṣe Orange Pi. Arduino Uno lè ṣe é, ṣùgbọ́n ESP32 sàn jù ú lọ, owó rẹ̀ kì í sì í sábà ju ti Uno lọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín yàtọ̀, màá dé orí rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra bọ́ọ̀dù nílùú yìí. Bí iná bá lọ ní aago kan òru, tó dé ní aago méjì, tó tún lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí gbogbo ilé sì ń sùn, kí ni nǹkan yìí máa ṣe? Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀dù wéra lókè òkun kì í sábà béèrè rẹ̀, nítorí iná tiwọn kì í lọ bẹ́ẹ̀. Iye core (ọpọlọ tó ń ṣírò), iye RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí), bó ṣe ń yára tó, ìyẹn ni wọ́n ń kà. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdáhùn sí ìbéèrè òru yẹn máa ń parí ọ̀rọ̀ kí a tó dé orí RAM rárá.

Raspberry Pi, Orange Pi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn jẹ́ kọ̀ǹpútà gidi. Linux ló wà lórí wọn, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà náà. Bí iná bá kàn wọ́n, wọ́n ní láti ka Linux yẹn láti orí mẹ́mórì káàdì, kí wọ́n jí, kí wọ́n palẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó wá rántí iṣẹ́ tí ẹ rán wọn. Ó lè gbà wọ́n tó ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì fi wà lójúfò, wọ́n ń kọ nǹkan sórí káàdì náà, yálà ẹ rán wọn tàbí ẹ kò rán wọn. Bí iná bá já nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ohun tó wà lórí káàdì lè dàrú, bọ́ọ̀dù kò sì ní jí mọ́.

ESP32, Arduino àti Raspberry Pi Pico kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò ní Linux, wọn kò nílò mẹ́mórì káàdì. Kóòdù kan ṣoṣo tí ẹ bá tẹ̀ sí wọn nínú, ibẹ̀ ló ń gbé, ì báà jẹ́ ìgbà ọgọ́rùn-ún ni iná lọ lóòjọ́. Ẹ fi iná kàn wọ́n, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn.

Mo ti jẹ ìyà yìí rí. Mo gbé Raspberry Pi 3 kan sẹ́yìn ilé kí ó máa kọ ìwọ̀n omi inú táǹkì sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Lóru ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, iná lọ, ó dé, ó lọ, ó dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iná pupa orí bọ́ọ̀dù ń tàn, èyí tó láwọ̀ ewé kò ṣẹ́jú rárá. Káàdì ti dàrú, gbogbo àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì bá a lọ, torí mi ò dá ẹ̀dà kankan sí ibòmíràn. Táǹkì omi ni tèmi. Bó bá jẹ́ ọgọ́ta ẹyin tó ti lo ọjọ́ 17 nínú àpótí ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ẹyin, torí ibẹ̀ ni owó yín wà. Ọjọ́ 21 ni adìẹ fi ń sàba, àpótí náà kò sì lè dín in kù. Nínú àpótí tó ní fáànù, dígírì 37.5 là ń wá. Bí kò bá ní fáànù, a máa ń gbé e sókè díẹ̀, bíi 38.5, a ó sì wọ̀n ọ́n lọ́gangan orí ẹyin, nítorí ooru máa ń gòkè, ìsàlẹ̀ àpótí á sì tutù ju òkè lọ. Mo rọ̀ yín kí ẹ fi fáànù kékeré kan sí i, ó lè jẹ́ èyí tí ẹ tú lára kọ̀ǹpútà àtijọ́, kí ooru lè kárí. Ẹ rántí pé ooru àpọ̀jù tètè ń pa ọmọ inú ẹyin ju òtútù lọ. Adìẹ fúnra rẹ̀ máa ń dìde lórí ẹyin lọ jẹ, lọ mu, ẹyin á tutù díẹ̀, á tún padà wá jókòó lé e. Gílóòbù tó kọ̀ tí kò kú ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí bọ́ọ̀dù yín máa ṣe kò ju èyí lọ: kí ó ka ooru ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan síra, bó bá wálẹ̀ dé 37.3 kí ó tan gílóòbù, bó bá gòkè dé 37.7 kí ó pa á. Gbígbé Pi 5, tó ní core mẹ́rin àti RAM gìgábáìtì mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, ti irú iṣẹ́ yìí dà bí ìgbà tí a háyà tírélà láti Láfẹ́nwá lọ sí Kútọ̀ torí páálí ẹyin kan.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ náwó sí ni sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń ka ooru gan-an. Nínú páálí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ máa bá ọ̀kan aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní DHT11. Ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó lè fi dígírì méjì ṣìnà sókè tàbí sísàlẹ̀. Ó lè máa kọ 37.5 fún yín nígbà tí inú àpótí ti di 39.5, tí àwọn ọmọ sì ti ń kú sínú ẹyin. DHT22 ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, funfun ni, ìṣìnà rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdajì dígírì, ó sì tún ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Èyí wúlò gan-an lásìkò ọyẹ́, nígbà tí gbogbo nǹkan bá gbẹ kankan, tí abọ́ omi inú àpótí sì ń gbẹ kí ẹ tó mọ̀. DS18B20 ni ìkẹta, èyí tí wọ́n fi orí rẹ̀ sínú irin kí omi má lè wọ̀ ọ́. Ìdajì dígírì ni tirẹ̀ náà, ooru nìkan ló sì mọ̀.

Bó bá jẹ́ èmi, DHT22 kan àti DS18B20 kan ni màá rà. Màá kọ ọ́ sínú kóòdù pé bí àwọn méjèèjì bá fi ju dígírì kan lọ ta kora, kí aago dún, nítorí ọ̀kan nínú wọn ti ń parọ́. Mo tún ní ọgbọ́n kan tí kò náni lówó púpọ̀. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn, ẹ ra tẹmómítà onínọ́ńbà tí a fi ń wo ara ọmọ tó ń ṣe àìsàn. Ìwọ̀n ooru ara ènìyàn péré ló mọ̀, ṣùgbọ́n láàárín ibẹ̀, ìṣìnà rẹ̀ sábà máa ń kéré gan-an, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì. Ẹ bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú kọ́ọ̀bù, kí ẹ fi orí tẹmómítà àti orí irin DS18B20 sí i papọ̀. Bí tẹmómítà bá ní 37.6, tí DS18B20 ní 37.1, kí ọmọ yín fi 0.5 kún un nínú kóòdù. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nìyẹn fún kíláàsì yín náà.

Apá iná ilé wá ńkọ́? Relay, ìyẹn ṣíwíìṣì tí bọ́ọ̀dù ń darí, ni ESP32 fi ń tan gílóòbù tó sì fi ń pa á, iná tó tó fólítì 220 sí 240 ló sì ń gba inú relay yẹn kọjá. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ṣe ibẹ̀ fún yín, kí ó sì fi í sínú àpótí oníke tó ní ìdérí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ dá fọwọ́ kàn án. Ohun mìíràn ni pé relay máa ń lẹ̀ mọ́ra nígbà míì, kò ní lè pa gílóòbù mọ́, kóòdù tó dára jù lọ kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi tẹmosítáàtì kan tó dá dúró sí i, kí ó máa já iná bí inú àpótí bá kọjá 38.5, láìbi ESP32 léèrè.

Nígbà tí iná bá wá lọ, páwà báǹkì ló máa gbé ESP32 dúró. Páwà báǹkì tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí, bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n kọ, ó gba bíi wáàtì-wákàtí 74. Kí ó tó fi di fólítì 5 tí bọ́ọ̀dù ń lò, bí 60 ló máa kù. Pi 4 tí kò ṣe iṣẹ́ ńlá kankan ń jẹ bíi wáàtì 3, ogún wákàtí ni tirẹ̀ nìyẹn. Pi 5 kò ní tó bẹ́ẹ̀. ESP32 tí WiFi rẹ̀ ṣí ń jẹ bí ìdajì wáàtì, á lò tó ọjọ́ márùn-ún. Ẹ kàn dán páwà báǹkì náà wò dáadáa, torí àwọn kan máa ń pa ara wọn bí ohun tó ń jẹ iná lára wọn bá kéré jù, àwọn kan sì máa ń ṣẹ́jú nígbà tí iná ilé bá dé, bọ́ọ̀dù á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. ESP32 kò kọ ìyẹn. Pi ló máa ń dà láàmú.

Páwà báǹkì kò lè gbé gílóòbù mẹ́rin, ẹ mọ ìyẹn. Ohun tó máa ṣe ni pé ESP32 á wà lójúfò láti jí yín. Ẹ so aago kékeré tó ń dún mọ́ ọn, kí ó dún bí ooru bá wálẹ̀ sísàlẹ̀ 36. Ẹ dìde, ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àpótí, ẹ gbé ìgò omi gbígbóná méjì sínú rẹ̀. Ọmọ yín á fẹ́ kí ó máa ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ jẹ́ kó ṣe é, iṣẹ́ tó dùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ara lé e lóru, torí bí iná bá lọ, ẹ̀rọ WiFi ilé náà bá a lọ. Aago tó ń dún kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo fẹ́ dáhùn ẹni tó ní kí ẹ ra Arduino, torí Uno ni èmi náà fi kọ́ṣẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní. Fólítì 5 ló ń lò, ó lágbára, ó máa ń fara da àṣìṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ju àwọn tó ń lo 3.3 lọ. Ṣùgbọ́n Uno R3 tí mò ń sọ yìí, RAM kìlóbáìtì 2 ló ní, kò ní WiFi, megahertz 16 ni eré rẹ̀. ESP32 ní core méjì tó lè sáré dé 240, kìlóbáìtì 520, WiFi àti Bluetooth. Bí wọ́n bá ní Pico W (Pico tó ní WiFi) ni àwọn ní, tí ESP32 kò sí, ẹ gbà á, kò sí ìjà ńbẹ̀. Àti èyí o: ẹsẹ̀ ESP32, Pico àti Pi, àwọn tí a ń so wáyà sẹ́ńsọ̀ mọ́, fólítì 3.3 ni gbogbo wọn mọ̀. Bí ẹ bá fi 5 kàn wọ́n, ẹ lè jó wọn.

Ní ti ọmọ yín, kò jẹ̀bi. Torí àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ ni wọ́n ṣe dá Pi sílẹ̀. Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge rí i pé àwọn tó ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kò mọ kóòdù kọ bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù kan tí òbí lè rà láìronú púpọ̀, dọ́là 35 ni, ó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2012. Ṣùgbọ́n Pi 5, tó jáde ní 2023, kò sí ní ipò yẹn mọ́. Dọ́là 60 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ èyí tó ní gìgábáìtì mẹ́rin, owó rẹ̀ sì ti tún lọ sókè láti ìparí 2025 nítorí ọ̀wọ́n RAM.

Bọ́ọ̀dù lásán sì nìyẹn. Ẹ kọ́ ìyókù lé e: ṣájà tirẹ̀ tó lè gbé ámúpù 5, fáànù, torí nínú ooru tiwa yìí á máa dín eré ara rẹ̀ kù bó bá gbóná jù, mẹ́mórì káàdì tó dára, okùn HDMI tí orí rẹ̀ kéré, kíbọ́ọ̀dù, mouse, àti ojú tí ẹ máa fi wò ó. Ní ọ̀rọ̀ ṣájà, ẹ má gbàgbọ́ ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Mo ti ra ọ̀kan tí wọ́n kọ 3A sí, bí iṣẹ́ bá ti ń pọ̀ lórí Pi báyìí ni fólítì rẹ̀ ń rọ̀. Pi máa ń kìlọ̀ bí fólítì bá jábọ́ sísàlẹ̀ 4.63, ó máa ń fi àmì mànàmáná hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá rí àmì yẹn tí kò pààrọ̀ ṣájà ń wá ìdàrú káàdì ni.

Bí ẹ bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó mọ́ra ló máa sàn fún ọmọ náà. Ó ní ojú, ó ní kíbọ́ọ̀dù, pàtàkì jù lọ, ó ní bátìrì tirẹ̀: bí iná bá lọ, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Kódà ẹ nílò láàpútọ́ọ̀pù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó lè tẹ kóòdù sínú ESP32. Bí ọ̀kan bá ti wà nílé, ẹ má ra kọ̀ǹpútà kankan mọ́ báyìí. Kí ó fi Thonny, ètò tí a fi ń kọ kóòdù, sí i, ọ̀fẹ́ ni, kí ó fi MicroPython sórí ESP32, ìyẹn Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, tí a ṣe fún bọ́ọ̀dù kékeré, á sì rí i tó ń tan gílóòbù gidi dípò kí ó máa tẹ ọ̀rọ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà lásán. Ní alẹ́ òní gan-an, kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ó ṣí Wokwi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. ESP32 wà níbẹ̀ tí a fi àwòrán ṣe, pẹ̀lú DHT22, relay àti aago. Bó bá kọ kóòdù àpótí ẹyin parí níbẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé owó tí ẹ fẹ́ ná kò ní ṣòfò.

Ọjọ́ tí Pi máa wúlò fún yín ni ọjọ́ tí ọmọ bá ní òun fẹ́ fi kámẹ́rà wo bí ẹyin ṣe ń sán. Nígbà náà, Raspberry Pi Zero 2 W ni kí ẹ wá. Dọ́là 15 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2021, core mẹ́rin, RAM mẹgabáìtì 512, kò sì jẹ iná púpọ̀. Kí ó wọ inú raspi-config, ibi tí a ti ń ṣètò Pi, kí ó tan Overlay File System, kí Pi má lè kọ nǹkan sórí káàdì mọ́. Bí mo bá ti mọ ìyẹn nígbà táǹkì omi, àkọsílẹ̀ mi ì bá lọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù ì bá jí.

Orange Pi kì í ṣe bọ́ọ̀dù burúkú. Orange Pi 5, tó ní core mẹ́jọ, lágbára ju Pi 4 lọ dáadáa, àwọn Zero wọn sì máa ń rọ̀ lówó. Ẹni tó ti mọ Linux, tó lè jókòó ti Armbian (ẹ̀yà Linux kan fún irú bọ́ọ̀dù yìí) di ọ̀gànjọ́, kó rà á. Ẹ̀yin àti ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí nǹkan bá há lórí Pi tàbí ESP32, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti há síbẹ̀ rí, wọ́n sì ti kọ bí wọ́n ṣe yọ. Lórí Orange Pi, àwọn tó ti gba ọ̀nà náà kọjá kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, owó tí ẹ sì fi pamọ́ lọ́jà, ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ máa fi wá ọ̀nà àbáyọ á gbà á padà.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀kan sí i lórí ríra. Bí ẹ bá ń ra ESP32, ẹ béèrè okùn USB tó ń gbé dátà. Okùn tó jẹ́ ti ṣájà nìkan pọ̀ nígboro, iná bọ́ọ̀dù á tàn dáadáa, láàpútọ́ọ̀pù kò sì ní rí i rárá. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dá bọ́ọ̀dù tó dára padà lẹ́ẹ̀mejì torí okùn.

Bí ẹ bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, ẹ má tíì kó ẹyin sí i. Ẹ jẹ́ kí àpótí náà ṣiṣẹ́ lófìfo fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ESP32 máa kọ ooru ránṣẹ́ sí láàpútọ́ọ̀pù. Lọ́jọ́ kejì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tún fi í sí i, ẹ yọ ọ́, bí ìgbà mẹ́wàá, bí iná tiwa ṣe ń ṣe é gan-an. Lóru, ẹ yọ ọ́ pátá, kí ẹ lọ sùn. Bí aago bá jí yín, tí ooru sì padà sí 37.5 lẹ́yìn tí ẹ tún fi í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ kó ẹyin sí i láàárọ̀.